Pákó Tí Wọn Kò Fún Àbúrò Mi

Àbúrò mi obìnrin ti kú, a sì ti sin ín. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù lọ lọ́jọ́ ìsìnkú náà ni pé ìsàlẹ̀ sàréè tí wọ́n gbẹ́ fún un gbẹ táútáú. Wọ́n tẹ́ iyanrìn funfun síbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ó dàbí ibi tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ìkókó sí. Obìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Wọ́n mà tún ibẹ̀ ṣe fún un o. Ẹ wo bó ṣe gbẹ." Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi kí n má baà pariwo lójú òkú.

Kò sí iyanrìn funfun nínú itẹ́ òkú ìlú wa. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú lókè, àwọ̀ eérú ló ní nísàlẹ̀, omi ló sì kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ sàréè níbẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, omi á ti sun sínú rẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún. Àwọn agbẹ́sàréè a máa fi garawa gbọ́n ọn. Bí wọ́n bá ti rí mọ́tò olókùú tó ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n á da iyanrìn gbígbẹ tí wọ́n rù wá láti ibi ìkọ́lé sí ìsàlẹ̀ sàréè, wọ́n á fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ dọ́gba, wọ́n á wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ṣí fìlà. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún bàbá mi nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún bàbá tiyín náà nìyẹn, ẹ má bínú sí mi. Àṣẹ káńsù ni pé kí olókùú má rí omi. Bí a bá ti bọ́ sínú mọ́tò tí a kọrí sílé, omi á padà wá.

Iṣẹ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ni àbúrò mi ń ṣe. Òun nìkan ṣoṣo ni onímọ̀ ilẹ̀ tí káńsù wa ní, òun ló sì tú àṣírí iyanrìn yìí fún mi. Ó wo inú sàréè ẹnì kan, ó ní iyanrìn odò rèé, kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé orí òkè yìí. Láti ìgbà náà ló ti ń pariwo pé kí wọ́n má sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́. Ó pariwo títí, ilẹ̀ náà pa á, wọ́n sì gbé e padà wá sínú ilẹ̀ náà. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ilẹ̀ tó ní kí wọ́n tì pa, ilẹ̀ tó wó lù ú, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n tún ní àyè iyì ni àwọn fún un, ní ìlà iwájú.

Láti kékeré ló ti fẹ́ràn yẹ̀pẹ̀. Ìyá wa a máa gbọn báàgì ilé-ìwé rẹ̀ nù lẹ́nu ọ̀nà kó tó jẹ́ kó wọlé, nítorí bí ìwé ò bá tiẹ̀ sí nínú báàgì yẹn, yẹ̀pẹ̀ á wà níbẹ̀. Nígbà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ní ìmọ̀ ilẹ̀ lòun fẹ́ kọ́, bàbá wa tó jẹ́ télọ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó wò ó títí.

"Ilẹ̀? Ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀ yìí? Ta ni ò mọ ilẹ̀?"

"Bàbá, ta ni ò mọ aṣọ? Gbogbo wa la kúkú ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ṣì ń rán an."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá gba aṣọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó tó lọ: "Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ nípa ilẹ̀ o. Ẹ má fojú kéré ẹ̀."

Ìlú sọ ọ́ ní Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bí ẹ bá ní kó wá wo ilé tuntun tí ẹ kọ́, ẹ̀yìnkùlé ló máa kọ́kọ́ gbà lọ. Á bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, á tutọ́ díẹ̀ sí i, á fi ìka méjì yí i. Bó bá gùn bí okùn bàtà tí kò já, á ní amọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́, iyanrìn ni. Á gbé e sí imú, á gbóòórùn rẹ̀. Á wá wo àwọ̀ rẹ̀, á sọ fún yín bóyá omi máa ń dúró níbẹ̀ lásìkò òjò: bó bá pupa dáadáa, omi ń rí ọ̀nà kọjá, bó bá rí bí eérú, tó ní tóótòòtó bí irin tó dípẹtà, ẹ má kọ́lé síbẹ̀, ẹ má sì sin òkú síbẹ̀. Ìyàwó mi a máa bá a jà nítorí aṣọ ìnuwọ́ wa. "Yẹ̀pẹ̀ ò dọ̀tí, ìyàwó wa," á máa rẹ́rìn-ín, "àwa la máa ń dọ̀tí ẹ̀."

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló wà nínú ilẹ̀ gan-an tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jìn ín.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ikùn ni," ó ní. "Ilẹ̀ ń jẹun. Ewé tó bá bọ́, ẹran tó bá kú, ìgbọ̀nsẹ̀, èèyàn náà, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ. Á jẹ ẹ́, á dà, á di nǹkan tí igi máa mu. Omi òjò tó bá rọra gba inú ẹ̀ kọjá á mọ́. Àmọ́ ikùn kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí agbára ẹ̀ ká. Bẹ́ ẹ bá ń ki oúnjẹ bọ ikùn tó ti kún fómi, á bì í ni. Ẹ ò sì mọ iwájú ilé ẹni tó máa bì í sí."

Iwájú ilé ìgbẹ̀bí ni ilẹ̀ itẹ́ òkú wa ń bì í sí. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bó ṣe là á yé mi. Itẹ́ òkú wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Yẹ̀pẹ̀ oníyanrìn tó wà lójú rẹ̀ kò nípọn, amọ̀ líle sì tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ rẹ̀ bí àwo. Òjò á rọ̀, omi á já wọ inú iyanrìn kíákíá, á kan amọ̀, kò ní lè lọ sísàlẹ̀ mọ́. Á wá máa ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ lórí amọ̀ yẹn, láàárín àwọn pósí, á máa lọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni káńsù gbẹ́ kànga ilé ìgbẹ̀bí sí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e lórí, wọ́n kọ́ ilé kékeré yí i ká, wọ́n kun ilé náà, wọ́n wá gé rìbọ́ọ̀nù. Omi yẹn ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Omi yẹn ni àwọn ìyá ọmọ ń mu. Ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò mi bí jẹ́ agbẹ̀bí, ibẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́. Òun ló sọ fún ìyá rẹ̀ pé ní gbogbo àsìkò òjò tó kọjá, ìgbẹ́ gbuuru kò dá lára àwọn ìkókó, pé omi inú garawa ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀ láìgbẹ. Ìkókó kan tí wọn ò tíì fún lórúkọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó gbé ìyá rẹ̀ dìde nìyẹn.

Àbúrò mi lọ sí ìpàdé káńsù, mo sì bá a lọ. Ó gé ìdí ike omi méjì, ó dojú wọn dé, ó kó yẹ̀pẹ̀ pupa tó bù ní òkè ìlú sínú ọ̀kan, ó kó ti itẹ́ òkú sínú èkejì. Ó bu tíì dúdú tó ti tutù sí méjèèjì. Èyí tó gba inú yẹ̀pẹ̀ pupa kọjá ń kán díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bí omi mímu. Èyí tó gba inú ti itẹ́ òkú já wálẹ̀ ṣàà. Bó ṣe dúdú wọlé ló ṣe dúdú jáde, ó ya bo orí tábìlì, ó dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀," Alága ní, "ẹ ti ba kápẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ o."

"Alága, kápẹ́ẹ̀tì ṣeé fọ̀. Ọmọ tí omi yìí bá wọ inú ẹ̀ ńkọ́?"

Akọ̀wé àgbà ní òun ò tíì rí òkú kankan tó wá fẹjọ́ sùn ní káńsù. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní tíì kì í ṣe òkú, ike kì í sì í ṣe ilẹ̀, kó lọ gbẹ́ ibẹ̀ wò, kó wá sọ ohun tó fojú rí. Àbúrò mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní òṣìṣẹ́ àti pákó. Alága ní àwọn ti gbọ́. Kí àbúrò mi tó jókòó, ó rán wọn létí pé ilẹ̀ pupa òkè ìlú ló yẹ ní itẹ́ òkú tuntun, nítorí ó jìn, ó gbẹ, ikùn rẹ̀ á gbà á. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ yẹn lónìí? Kọnkéré. Wọ́n ti fi fún àwọn tó ń ta mọ́tò. Ilẹ̀ tí ì bá máa sẹ́ omi fún gbogbo ìlú, ìdí mọ́tò ló ń gbé báyìí, òjò tó bá sì rọ̀ síbẹ̀ ń sáré wá bá wa nílé.

Ọ̀rọ̀ pákó yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa. Ihò tí onímọ̀ ilẹ̀ ń gbẹ́ láti fi wo ilẹ̀ máa ń jìn ju ìdúró èèyàn lọ. Ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, kó fi ọ̀bẹ ha ògiri rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le, kò séwu. Ṣùgbọ́n iyanrìn olómi tó jókòó lórí amọ̀, yíyọ̀ ló ń yọ̀. Pákó ni wọ́n fi ń gbé ògiri náà ró lọ́tùn-ún lósì kó má baà wó. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà ló mọ̀. Pákó sì kún sítọ́ọ̀ káńsù nígbà yẹn, mo fojú ara mi rí i láti ojú fèrèsé. Àbúrò mi lọ síbẹ̀ léraléra. Ọkùnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ á ní pákó ò sí. Nígbà tí àbúrò mi nàka sí pákó náà, ọkùnrin náà ní òun ò láṣẹ. Àṣẹ ta ni? Àṣẹ òkè. Òkè wo? Ó ní kó má kó bá òun. Ó wá yí i sí àwàdà.

"Màmá, ihò lásán lẹ fẹ́ gbẹ́. Àbí ẹ fẹ́ kan pósí fún ihò ni?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún mi nílé, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ní kó má lọ. Mo ní, "Jẹ́ kí wọ́n fún ẹ ní pákó ná. Ilẹ̀ ò ní sá lọ."

"Òjò ni ò ní dúró, Bọ̀ọ̀dá mi. Bó bá fi lè dé, ihò á kún, mi ò ní rí nǹkan kan fi hàn wọ́n títí di ọdún tó ń bọ̀. Omi á sì ti máa lọ bá àwọn ọmọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó mi láyà jẹ."

A máa ń pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ lọ wo iye àgbà tó wà nínú káńsù yẹn, pẹ̀lú àga onítìmùtìmù tí wọ́n fi jókòó. Nínú gbogbo wọn, ta ló nawọ́ sí orí ọmọ? Àbúrò mi nìkan ló gba òwe náà gbọ́, ó sì lọ.

Olórí àwọn agbẹ́sàréè ló bá a gbẹ́ ihò náà ní ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú, nítorí káńsù kò fún un ní òṣìṣẹ́ kankan. Ọkùnrin náà sọ fún mi pé inú àbúrò mi ń dùn lọ́jọ́ náà. Ó ti kan amọ̀. Ó ń kígbe ohun tó ń rí sókè láti inú ihò: "Eérú ni! Ó ní tóótòòtó! Omi ń sun láti apá òkè!" Àfi bí wọ́n ṣe wá pe ọkùnrin náà pé mọ́tò olókùú kan ti ń bọ̀, kó wá da iyanrìn. Ó ní, "Màmá, ẹ jáde ná." Àbúrò mi ní òun ń bọ̀, ó ku díẹ̀. Ọkùnrin náà sáré lọ da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ sàréè kí olókùú má baà rí omi. Nígbà tó fi máa padà dé, kò sí ihò mọ́. Ilẹ̀ ti pàdé. Fìlà àbúrò mi nìkan ló kù létí ibẹ̀.

"A fọwọ́ wa ilẹ̀, Bàbá," olórí agbẹ́sàréè ń sọ fún mi. "Gbogbo wa la fọwọ́ wà á. Olókùú tó wá sin ìyá ẹ̀ bọ́ kóòtù sílẹ̀, ó ń bá wa wà á. Bá a ṣe ń kó o kúrò ló ń padà." Ọkùnrin tó ti sin ìdajì ìlú yìí sunkún níwájú mi bí ọmọdé. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló lọ jẹ́, ẹ bá mi bi àwọn tó rán an.

Mo bẹ káńsù pé kí wọ́n jẹ́ ká sin ín síbòmíràn. Wọ́n ní itẹ́ òkú kan ṣoṣo ni òfin mọ̀. Akọ̀wé àgbà fà mí mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú, ó ní, "Bàbá, òkú ò mọ ibi tí wọ́n sin òun sí."

Mo ní, "Eléyìí mọ̀."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ ìsìnkú. Òjò winniwinni ti rọ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ ti gba ilẹ̀. Àwọn ọ̀gá káńsù ń bọ̀ wá bá wa kẹ́dùn, bàtà wọn sì ń dán. Kí bàtà má baà rì, káńsù ti tẹ́ pákó láti etí títì dé ẹnu sàréè. Pákó tó nípọn, tó gùn, tí wọ́n kun etí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé bí wọ́n ṣe ń kun gbogbo ẹrù káńsù. Pákó inú sítọ́ọ̀ ni. Alága gba orí rẹ̀ kọjá, akọ̀wé àgbà tẹ̀ lé e, wọ́n ń di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú sínú ẹrẹ̀. Pákó tí kò sí fún alààyè ti yọjú fún bàtà. Mo rí ọkùnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ tó fara pamọ́ sẹ́yìn igi kan, mo lọ bá a.

"Ọ̀gá, ṣé pákó ti wá dé?"

Ó wolẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sin òkú ná."

"Ta ló pàṣẹ kí wọ́n kó eléyìí jáde?"

Alága ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní òpó ńlá ló yẹ̀. Ó ní ìlú ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ó wá gbójú sókè, ó ní kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Kí Ọlọ́run dẹ kí ni? Ilẹ̀ tó dẹ̀ jù ló pa á! Inú bí mi débi pé ìyàwó mi ní láti dì mí mú. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ tí ẹ ń sọ pé Bàbá fẹ́ dákú, mi ò fẹ́ dákú o. Ìbínú ni.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ju itẹ́ òkú lọ. Yàrá tí àbúrò mi ti ń yẹ ilẹ̀ wò ní káńsù, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó àga sí. Wọ́n kó àwọn ìgò àti asẹ́ rẹ̀ síta kí òjò máa pa wọ́n. Wọ́n ní kó máa lọ wo iná títì tó bá ti kú. Onímọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ní kó máa gbójú sókè wo iná! Ìgbà tí wọ́n ń ha yẹ̀pẹ̀ ojú oko àwọn èèyàn lọ tà fún kọ́lékọ́lé, ta ni wọ́n bi léèrè? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ohun tí ṣọ́bìrì ń kó lẹ́ẹ̀kan, láti ayé baba ńlá wa ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é? Ìgbà tí wọ́n ń da pàǹtírí sí etí odò, ta ló sọ fún wọn ibi tí oje rẹ̀ máa gbà? Àgbẹ̀ ń da ajílẹ̀ sí ilẹ̀ tí kò tọrọ rẹ̀, ẹja ń kú lódò, omíyalé ń gbé ògiri lọ, a ní àmúwá Ọlọ́run ni. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀gá wa ń di ṣọ́bìrì mú tí wọ́n ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Inú kí ni wọ́n rò pé igi ń hù? Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn tiwa ń da nǹkan mìíràn sí apá òkè, àwọn ìkókó ló sì ń fi ìgbẹ́ gbuuru san án nísàlẹ̀.

Òjò ti ń bọ̀ báyìí. Èyí tó ti rọ̀ kò tíì tó nǹkan, síbẹ̀ yẹ̀pẹ̀ orí sàréè àbúrò mi ti rì, kòtò ti wà láàárín rẹ̀, omi dúró nínú kòtò náà bí ojú tó ń woni. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Sàréè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ náà ti rì. Gbogbo ìlà iwájú yẹn ló ń wọlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Mo dúró, mo tẹ́tí, ó dà bíi pé mo ń gbọ́ omi tó ń rìn. Ẹ lè ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí. Kí òjò ńlá dé ná.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ àbúrò mi padà sẹ́nu iṣẹ́ nílé ìgbẹ̀bí. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó pa ẹ̀rọ omi, ó ti ilẹ̀kùn ilé kékeré yẹn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Àwọn agbẹ̀bí yòókù bi í pé omi wo ni àwọn máa lò. Ó ní omi kànga òkè ìlú, tí omi itẹ́ òkú kò lè dé. Láti ìgbà náà, ọkùnrin tó bá mú ìyàwó rẹ̀ wá bímọ á gbé kẹ́ẹ̀gì dání. "Bàbá ìkókó, omi lẹ máa kọ́kọ́ gbé ká tó gbé ọmọ fún yín," bẹ́ẹ̀ làwọn agbẹ̀bí máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin á kùn díẹ̀, wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á gun òkè. Ọmọ àbúrò mi sọ fún mi pé láti ìgbà tí àwọn ti pa ẹ̀rọ náà, àwọn ìkókó ń sùn.

Káńsù ni kò rí i bí nǹkan ẹ̀rín. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí i pé ó gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní ìjọba. Bí kò bá mú kọ́kọ́rọ́ wá, àwọn á lé e lẹ́nu iṣẹ́, àwọn á kó ọlọ́pàá wá já ilẹ̀kùn náà, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí òjò tó rọ̀ dáadáa. Ẹ bá mi wò ó. Ìyá kú sínú ihò, kò sí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ọmọ ti ilẹ̀kùn, ẹjọ́ ti délẹ̀. Ilẹ̀kùn ló wá níyì ju èèyàn lọ nínú ìlú yìí?

Ohun tí mò ń bèèrè kò ṣòro. Kí wọ́n ti itẹ́ òkú yẹn pa lónìí, kí òkú ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ibẹ̀ mọ́. Kí wọ́n wá onímọ̀ ilẹ̀ láti ibikíbi tí wọ́n bá ti lè rí i, kó wá yẹ kànga náà wò ní gbangba, lójú àwọn ìyá ọmọ, kí a gbọ́ ohun tó bá rí láti ẹnu rẹ̀. Bó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n fún un ní pákó! Kí wọ́n wá bọ́ sí gbàgede, kí wọ́n sọ ẹni tó ní "rárá" fún àbúrò mi. Mi ò ní gba "àṣẹ òkè" mọ́. Òkè kì í fẹnu sọ̀rọ̀. Èèyàn kan ló jókòó sórí àga kan, tó la ẹnu ara rẹ̀, tó ní kí wọ́n má fún un. Èèyàn yẹn jẹun láàárọ̀ yìí. Ó ní orúkọ, ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́.

Lánàá mo lọ wo ọmọ àbúrò mi níbi iṣẹ́. Ó ń fi omi kẹ́ẹ̀gì fọ ọwọ́, ó ń ṣọ́ ọ lò. Mo bi í bóyá ó máa fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.

"Màá fún wọn, Bàbá." Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan. "Mo ti ránṣẹ́ padà. Mo ní kí ẹni tó ní kí wọ́n má fún màmá mi ní pákó wá gbà á fúnra ẹ̀. Kó dúró síbí, níwájú àwọn ìyá ọmọ, kó sọ orúkọ ẹ̀ sókè. Bó bá ti sọ ọ́ báyìí, màá na kọ́kọ́rọ́ sí i."

Òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá òkè ìlú bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Kò tíì sí ẹni tó wá gbà á.